Òfo Kì Í Ṣe Òdo

Pápá méjì ni Sólrún ń tọ́jú.
Ọ̀kan wà lẹ́yìn fèrèsé, yìnyín ti bò ó mọ́lẹ̀.
Ìkejì wà lójú kọ̀ǹpútà, ó funfun ju yìnyín lọ:
fọ́ọ̀mù kan, àpótí tóóró kan lábẹ́ nọ́ńbà etí àgùntàn,
ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló sì lè wọ ibẹ̀,
Ó dé. Kò dé. Ó kú.

Oṣù Ọ̀wàrà ni, ní àríwá Áísílándì.
Wọ́n ti da agbo sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè,
olóko kọ̀ọ̀kan ti fi etí ẹran mọ tirẹ̀,
ó ku ti ìwé.
Ẹgbẹ́ olùsìn-àgùntàn fẹ́ gbọ́ iye kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá.

Ó kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀rọ pé: Kà.
Ẹ̀rọ kà. Ó ní irinwó ó dín mẹ́tàlélógún.
Ó gbé ìbéèrè náà sábẹ́ Ó dé, iye kan náà.
Ó gbé e sábẹ́ Ó kú, iye kan náà,
àfi bíi pé èyí tó dé ti kú, èyí tó kú sì ti dé.
Ẹni tó bá ṣáà ti fèsì,
ohun yòówù kó fi fèsì,
ojú kan náà ni ẹ̀rọ fi ń wò ó.

Kọfí rẹ̀ ti tutù.
Ó wá fi sùúrù kọ́ ẹ̀rọ bí ẹni kọ́ ọmọdé:
bó o bá rí Kò dé, mú ení;
bó o bá rí ohun mìíràn, mú òdo;
bó o bá mú un tán, wá rò ó pọ̀.
Ó sì rò ó.
Ó dé: ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta.
Ó kú: mẹ́sàn-án.
Kò dé: méjìdínlógún.
Ìṣirò jókòó jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù bí ẹni tó ti yó.

Ṣùgbọ́n irinwó etí ni wọ́n fi nọ́ńbà sí nígbà ìrúwé.
Lẹ́nu tèmi, iye yẹn ì bá ti tú ara rẹ̀ fó:
irinwó ó dín. Ó dín kí ni?
Èdè tiwọn kì í fi "dín" ka nǹkan,
bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Sólrún ì bá ti tètè gbọ́ ọ.

Ó wọ́ fọ́ọ̀mù lọ sísàlẹ̀, ó rí wọn,
àpótí mẹ́tàlélógún tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí.
Òfo.
Òfo kì í ṣe òdo. Òdo fèsì, ó ní n kò ní.
Òfo kì í ṣe òfò. Ẹni tó ṣòfò mọ ohun tó sọnù.
Kì í sì í ṣe ọ̀fọ̀, òkú kankan ò tíì sí nílẹ̀.
Òfo ni ẹni tí wọn ò bi léèrè,
ẹ̀rọ sì ń fò ó bí ẹsẹ̀ ṣe ń fo kòtò.

Olóko kan ṣoṣo ló ni gbogbo wọn:
Ketill ti Kaldbakki, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Fóònù dún níbẹ̀ títí ó fi sú u.
Eydís tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Kọ Kò dé sí i, ká máa lọlé."
Sólrún ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ilé ẹran lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ń jẹ koríko gbígbẹ.
Bàbá jókòó lórí korobá tó dojú dé,
ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú nínú ìbọ̀sẹ̀ bí àkàrà.
"Gbogbo wọn dé," ó ní. "Èmi ni mi ò dé."

Níbi tí mo ti wá, a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ.
Sólrún kà ní tirẹ̀, ìka rẹ̀ ń kan orí dé orí,
mọ́kànlélógún, méjìlélógún, mẹ́tàlélógún,
ó sì fọwọ́ kan èjìká bàbá kó tó dákẹ́.

Ẹgbẹ́ gba iye wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Kò sẹ́ni tó bèèrè bó ṣe pé.
Ó ti fi àpótí kan kún ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù
tó jẹ́ pé òfo nìkan ni yóò máa kà.
Òdo ló wà níbẹ̀ báyìí.
Ó ń wò ó láràárọ̀
kó tó bọ́ ẹ̀wù òtútù.